Ìyìn Mọ́ọ̀dù: Iṣẹ́ Ẹ̀dà Ṣíṣe ní Láàbù Eyín, láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀

Eyín àtọwọ́dá kì í bẹ̀rẹ̀ nínú ẹnu. Orí POP (plaster of Paris) ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà eyín á fi ohun rírọ̀ kan tẹ eyín àti èrìgì aláìsàn, á fi ránṣẹ́ sí láàbù, oníṣẹ́ eyín á po POP, á dà á sínú rẹ̀. Nígbà tó bá le tán, ẹnu ẹni náà ti wà lórí tábìlì: eyín tó ṣẹ́ kù, àlàfo èyí tó ti yọ, èjí tó wà láàárín eyín iwájú, títí kan ìlà wẹ́wẹ́ tó wà ní àjà ẹnu. Èyí ni wọ́n ń pè ní módẹ́lì. Ọ̀kan ṣoṣo ni, bí ó bá sì fọ́ lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín ti padà sí Àkúrẹ́, wàhálà dé. Nítorí náà, kí iná tàbí ọ̀bẹ tó kàn án, oníṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ohun tó sì ń gba ìrísí lára módẹ́lì kan lọ sára èkejì ni mọ́ọ̀dù. Aláìsàn kì í rí i, dókítà kì í sábà béèrè rẹ̀, bí iṣẹ́ bá sì parí, inú garawa ìdọ̀tí tàbí inú ìkòkò àtúnsè ló ń lọ. Síbẹ̀, bí mọ́ọ̀dù bá parọ́, kò sí ẹni tó lè sọ òtítọ́ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Òṣòdì lọ sí Ìsọlọ̀ lè kọjá iwájú irú láàbù bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Kì í sábà ju yàrá kan tàbí méjì lọ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ṣọ́ọ̀bù aṣọ tàbí ti ẹni tó ń tún fóònù ṣe wà nísàlẹ̀. Àdúgbò náà bá iṣẹ́ yìí mu. Ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí Yunifásítì Èkó ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín, kò jìnnà. Ilé ìwòsàn ìjọba wà nínú Ìsọlọ̀ fúnra rẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, tí ẹrù òkèèrè ń gbà wọlé, kò ju ẹ̀yìn àdúgbò Mafolúkù lọ. Láti ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí ní Òṣòdì ní 2019, iṣẹ́ tó jáde ní àárọ̀ lè dé ọwọ́ dókítà ní Ìkòròdú kí oòrùn tó wọ̀. Iṣẹ́ tó ní òfin ni pẹ̀lú: ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ wà fún un ní Enugu, òfin 1987 sì ló gbé ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ eyín sílẹ̀ kalẹ̀.

Kí ni wọ́n ń fi ẹ̀dà ṣe gan-an? Ìdí tó tóbi jù ni irin. Bí ẹnì kan bá fẹ́ eyín onírin, èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì ní ìwọ̀ tó ń di eyín tó ṣẹ́ kù mú, irin cobalt-chromium ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Irin yìí kì í yọ́ àfi kí ooru tó nǹkan bí 1,350°C. POP kò lè dúró níwájú irú iná bẹ́ẹ̀, yóò ti tú ká kí irin tó dé. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fi ìyẹ̀fun mìíràn tí kò bẹ̀rù iná (ìyẹ̀fun oníná), èyí tó ní yanrìn quartz àti phosphate nínú, ṣe ẹ̀dà módẹ́lì. Lórí ẹ̀dà yìí ni oníṣẹ́ á ti fi ìda ya ìrísí irin tó ń bọ̀, á fi ìyẹ̀fun kan náà bò ó mọ́lẹ̀, á fi iná yọ́ ìda náà dànù, á wá da irin tó ti yọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmoníje ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, ìda ni wọ́n fi mọ wọ́n kí wọ́n tó di idẹ. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn àgbà Ifẹ̀, ìda yẹn ni wọ́n ní, òun náà ni wọ́n sì ń rán lọ sínú iná. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ó di kí wọ́n tún un mọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ eyín kò lè fi ẹnu oníbàárà ta tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà ló ń rán lọ sínú iná, módẹ́lì gan-an ń bẹ lórí pẹpẹ, òun ni yóò sì ṣèdájọ́ nígbà tí irin bá jáde: ṣé ó jókòó, àbí ó ń mì?

Iṣẹ́ tí a ń retí lọ́wọ́ mọ́ọ̀dù kò pọ̀, àmọ́ kò rọrùn. Kí ó wọ gbogbo kọ̀rọ̀, kí ó di ìrísí mú láìsúnkì láìwú, kí ó sì jọ̀wọ́ módẹ́lì láìya. Ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é: agar, alginate àti sílíkónì. Ẹni tó bá ń béèrè èyí tó dára jù nínú wọn kò tíì béèrè ìbéèrè tó yẹ. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Iṣẹ́ tó wà níwájú, ìwọ̀n ooru inú yàrá, owó tó wà lápò àti iye wákàtí tí a ní ló ń yàn fún wa, ọwọ́ tó ń lò ó ló sì ń sọ bí yóò ṣe rí.

Agar ni àgbà láàárín wọn. Inú ewéko òkun pupa ni wọ́n ti ń yọ ọ́, àwọn ará Japan sì ti ń sè é jẹ láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní 1881, Fanny Hesse, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní láàbù Robert Koch ní Jámánì, dá a lábàá pé kí wọ́n máa fi agar tọ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí dàgbà, nítorí pé jẹ́látì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ń yọ́ nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn. Ní àwọn ọdún 1920, Alphons Poller ní Vienna fi í gba ìrísí ara ènìyàn, láti ibẹ̀ ló sì ti ń wọ inú iṣẹ́ eyín bọ̀.

Bí agar ṣe ń ṣe jọ ti ẹ̀kọ inú ewé: bí ó bá gbóná, á máa ṣàn, bí ó bá tutù, á dì. Ṣùgbọ́n ìwà kan wà lọ́wọ́ agar tó mú un wúlò. Ó gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 90°C kí ó tó yọ́ dáadáa, àmọ́ bí ó bá ti yọ́ tán, kò ní dì mọ́ títí yóò fi tutù wálẹ̀ sí nǹkan bí 40°C. Inú àlàfo yìí ni oníṣẹ́ ti ń rí àyè ṣiṣẹ́. Kí ó tó da mọ́ọ̀dù, ó ti fi ìda dí àwọn kọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ikùn eyín, kí irin má baà há síbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Bí ó bá da agar tó ṣì ń hó lé ìda yìí, ìda á ṣàn lọ, ẹ̀dà á sì jáde pẹ̀lú ìrísí tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, á jẹ́ kí agar rọlẹ̀, láàárín 45 sí 55°C gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ṣe kọ ọ́ sára ike rẹ̀, kí ó tó dà á. Ní ìwọ̀n yẹn, kò lè yọ́ ìda mọ́, síbẹ̀ ó ṣì ń ṣàn wọ ibi tí ojú kò tó.

Módẹ́lì pàápàá ní ìmúra tirẹ̀. POP tó gbẹ ń fa omi gan-an, agar sì jẹ́ omi fún èyí tó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀. Bí a bá fi gbígbẹ pàdé tútù, módẹ́lì á mu omi ojú agar, agar á lẹ̀ mọ́ ọn, ojú mọ́ọ̀dù á sì ya hánrán-hànràn. Nítorí náà wọ́n ń rẹ módẹ́lì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Kì í sì í ṣe omi ẹ̀rọ lásán. Lábẹ́ tábìlì, garawa kékeré kan wà tí àwókù POP ti ń rọ̀ nínú rẹ̀ láti ìjẹta. Omi tó tòrò lókè rẹ̀ ni wọ́n ń bù. POP máa ń yọ́ sínú omi díẹ̀díẹ̀, bíi gíráàmù méjì nínú lítà kan. Omi tí kò tíì yó yóò máa jẹ ojú eyín módẹ́lì lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó ti mu àwókù yó kò tún ní ohun tó ń wá. Lẹ́yìn èyí ni oníṣẹ́ á gbọn omi ojú rẹ̀ kúrò, á gbé e sórí ìdí agolo mọ́ọ̀dù, á fi ìdérí rẹ̀ bò ó, á sì máa da agar láti ihò òkè ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ títí yóò fi yọ ní ihò kejì.

Ìgbà tó bá kan títutù ni ìkánjú ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n máa ń gbé ìdí agolo sínú omi tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ lọ, kí ó lè máa tutù láti ìsàlẹ̀, níbi tí módẹ́lì wà, kí agar sì súnkì sọ́dọ̀ módẹ́lì dípò kí ó sá fún un. Èyí lè gba bíi wákàtí kan. Ní Èkó, ọwọ́ ń yún ọ̀dọ́ oníṣẹ́ láti ju yìnyín sínú omi náà. Kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi wa, bó ti wù kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó, tutù ju ohun tí agar nílò láti dì lọ, yìnyín kàn máa ń mú kí ẹ̀gbẹ́ kan dì ṣáájú èkejì ni, tí mọ́ọ̀dù á sì ká lójijì bí a bá tú u. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n fífa módẹ́lì jáde ní tirẹ̀ kò fẹ́ ẹ̀sọ̀: ẹ̀ẹ̀kan náà ni, lọ́nà tó tọ́, láìyí ọwọ́, torí agar máa ń fara da fífà kíákíá ju fífà díẹ̀díẹ̀ lọ. Lójú ẹsẹ̀ ni kí a sì da POP tàbí ìyẹ̀fun oníná sínú rẹ̀. Bí a bá gbé e sílẹ̀ nínú ọyẹ́, omi ara rẹ̀ á gbẹ, á súnkì. Bí a bá rẹ ẹ́ sínú omi, á wú.

Oore agar ni pé kì í ṣe ohun ẹ̀ẹ̀kan. Bí ẹ̀dà bá ti jáde, wọ́n á ṣan mọ́ọ̀dù náà, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni gé wàrà, wọ́n á dá a padà sínú ìkòkò ẹ̀rọ, wọ́n á sì tún un yọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ó gbẹ́kẹ̀ lé iná mànàmáná. Ẹ̀rọ tó ń yọ́ ọ tó sì ń rò ó gbọ́dọ̀ máa dá ooru dúró lójú kan fún wákàtí púpọ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ lẹ́yìn tó ti yọ́, á di gbọ́gbọ́ mọ́ ọ̀pá tó ń rò ó. Kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e padà sí 90°C, ọjọ́ ti lọ. Gbogbo àtúnyọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń gba omi lára rẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Láàbù tó ń ṣe eyín onírin lójoojúmọ́ á jèrè agar. Èyí tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù á máa náwó epo sórí ìkòkò.

Alginate, inú ewéko òkun náà ló ti wá, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. E. C. C. Stanford, tó ń ṣiṣẹ́ ní Scotland, ló kọ́kọ́ yọ ohun inú rẹ̀ jáde ní 1881, àmọ́ Ogun Àgbáyé Kejì, tó dí ọ̀nà agar Japan, ló jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ eyín fi ojú tuntun wò ó. Ìyẹ̀fun ni, omi ni wọ́n ń pò ó mọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì fi ń dì. Kò fẹ́ iná, kò wọ́n, gbogbo ilé ìwòsàn eyín ló ní i. Ṣùgbọ́n ó yára gbẹ ju agar lọ, ó rọrùn láti ya, bí ó bá sì ti dì, ó dì nìyẹn, kò ní àtúnyọ́.

Níbi kan ṣá, alginate ni mo gbà pé ó tọ́ sí oyè. Ìyá àgbà kan lè ti lo eyín kan pẹ́ débi pé ahọ́n rẹ̀ ti mọ gbogbo ibẹ̀. Eyín náà ti jẹ, ó sì fẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ fún oníṣẹ́ kò ju ọ̀kan lọ: “Ọmọ mi, èyí tó dà bí èyí ni mo fẹ́. Má ṣe fún mi ní òmíràn.” Oníṣẹ́ á dáhùn pé, “Ẹ fi ọkàn balẹ̀, mà, àní èjí yín ò ní kúrò níbẹ̀.” Yóò gbé ike ọṣẹ onídèérí, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Òṣòdì fún ọmọ ilé ìwé tó ń lọ gbé ní ilé ẹ̀kọ́, yóò po alginate kún ìdajì rẹ̀, yóò tẹ eyín àtijọ́ náà sínú rẹ̀. Bí ó bá dì, yóò fi vaseline pa ojú rẹ̀ kí ìdajì kejì má baà lẹ̀ mọ́ ọn, yóò da alginate mìíràn lé e, yóò sì pa ìdérí dé. Nígbà tó bá ṣí i, ìrísí inú àti ti òde eyín ìyá náà ti dúró sínú ike. Yóò da ìda sí ibi tí eyín wà, yóò fi ike acrylic ṣe ìyókù, ìyá á sì gba eyín rẹ̀ àtijọ́ padà kó lọ sílé, kó máa fi jẹun títí tuntun yóò fi parí.

Sílíkónì ni ọ̀dọ́ nínú wọn, òun ló sì mọ òtítọ́ sọ jù. Irú èyí tí láàbù gbọ́dọ̀ rà ni èyí tó jẹ́ omi méjì tí a ń pò mọ́ra ní ìwọ̀n kan náà, tí kì í sì í tú ohunkóhun jáde bí ó ṣe ń le. Nítorí èyí ni kì í fi í súnkì tó ohun tí ojú lè rí. Irú kejì, tó ń tú ọtí jáde nígbà tó bá ń dì, máa ń súnkì bí ọtí náà ṣe ń fẹ́ lọ. Mọ́ọ̀dù sílíkónì rere lè bí ẹ̀dà púpọ̀ láìyí padà, a sì lè tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Òfin rẹ̀ kò bá ti agar mu rárá. Agar fẹ́ módẹ́lì tútù; sílíkónì fẹ́ gbígbẹ. Agar ń dúró de kí nǹkan tutù. Ooru ló ń mú sílíkónì yára. Ìwé tó bá a wá sábà máa ń ka àkókò rẹ̀ ní yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ 23°C, èyí tí a kì í rí ní Ìsọlọ̀ ní oṣù Kẹta bí kò bá sí ẹ̀rọ amúlétutù. Ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ síbẹ̀ á kúrú mọ́ wa lọ́wọ́. Ọlọ́gbọ́n á fi ike méjèèjì sí ibi tó tutù kí ó tó lò wọ́n, kò sì ní pààrọ̀ ìdérí wọn láéláé. Sílíkónì ní ọ̀tá kan tí ojú kì í rí: imí-ọjọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà látẹ́ẹ̀sì àti nínú àwọn amọ̀ aláràbarà kan tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Bí èyíkéyìí bá kàn án tàbí kan módẹ́lì, ojú sílíkónì ibẹ̀ kò ní dì, yóò máa lẹ̀ títí. Ìbọ̀wọ́ vinyl ni kí a wọ̀. Bí a bá ń pò ó, kí a má ṣe lù ú bí ẹyin. Bí a bá ń dà á, igun kan tó rẹlẹ̀ ni kí okùn rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, kí ó fúnra rẹ̀ gun orí eyín lọ díẹ̀díẹ̀, kí ó máa lé afẹ́fẹ́ níwájú.

Owó ló kù. Òkèèrè ni sílíkónì ti ń wá, dọ́là ló sì ń bá wọlé. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦470 kò dúró mọ́. Kí oṣù Kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Láti ìgbà náà, láàbù tó bá ní ìrònú kì í fi sílíkónì ṣòfò lórí módẹ́lì tí wọ́n kàn fẹ́ fi hàn aláìsàn. Irú ìyẹn, alginate tó o. Eyín onírin tó pọ̀, agar ni, bí iná bá gbà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀n irun orí lè bà jẹ́, tàbí èyí tí a ní láti da ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ibẹ̀ ni sílíkónì ti ń rí owó rẹ̀ san padà.

Mọ́ọ̀dù tó dára jù lọ kò lè gba ẹni tó da ohun inú rẹ̀ ní ìdàkudà sílẹ̀. POP tó le jù, èyí tí wọ́n ń pè ní stone, kì í fẹ́ ju nǹkan bí mílílítà 20 sí 24 omi lọ fún 100 gíráàmù. POP lásán ń mu bí ìlọ́po méjì ìyẹn. Òṣùwọ̀n ni kí a fi wọ̀n ọ́, kì í ṣe ojú. Ìyẹ̀fun la ń bù sínú omi, a kì í bu omi sínú ìyẹ̀fun, àpò tí a kò dì lẹ́nu ní àsìkò òjò á sì ti mu ọ̀rinrin kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyẹ̀fun oníná ní àdììtú tirẹ̀. Cobalt-chromium máa ń súnkì bíi ìdá méjì lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún bí ó bá tutù, nítorí náà ẹ̀dà tí a fẹ́ da irin lé gbọ́dọ̀ wú díẹ̀ ju módẹ́lì lọ, kí irin lè súnkì padà sí ìwọ̀n ẹnu. Ìwú yẹn ni a fẹ́ kí ó ti ọwọ́ ìyẹ̀fun àti iná wá. Bí mọ́ọ̀dù bá ti fi tirẹ̀ kún un, ìṣirò ti bàjẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán módẹ́lì sínú kọ̀ǹpútà, tí òmíràn sì ń tẹ ẹ̀dà rẹ̀ jáde ní ike, ti wà ní ayé báyìí. Kò sí mọ́ọ̀dù nínú ìyẹn, ó sì rẹwà. Ṣùgbọ́n iná àti dọ́là ni òun náà ń jẹ, ohun tó bá sì yà ní àṣìṣe ni yóò tẹ̀ ní àṣìṣe. Ìwà tí agar fi kọ́ni kò tíì di ti àná.

Ẹ̀yin dókítà tó ń gbé iṣẹ́ wá, àti ẹ̀yin tó ń dúró de eyín, ẹ máa béèrè irú mọ́ọ̀dù tí láàbù fẹ́ lò, kí ẹ sì gbọ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá lè dáhùn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sì sọ pé kò lè parí lónìí, ẹ má bínú sí i. Ẹ lè ná iye owó rẹ̀ bí ẹ ti ń ná ọjà Òṣòdì, ṣùgbọ́n wákàtí kan tí agar fi ń tutù kò gba ìnájà: ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò yóò san án padà lórí àga dókítà, nígbà tí irin bá kọ̀ tí kò jókòó.